Ẹrẹ̀ inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ti pẹ́: ṣé ká fọ̀ ọ́ ni, àbí ká fi í sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ọkọ̀ tí mò ń lò ti lé ní ogún ọdún, ó sì ti rìn ju 250,000 kìlómítà lọ. Nígbà tí mo ṣí ìdérí ibi tí a ń gbà da ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì, mo rí ẹrẹ̀ dúdú kan tó ki, tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, tí mo sì lè fi ìka ha kúrò. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí iná pupa ọ́ìlì ti ń ṣẹ́jú bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tán tí ọkọ̀ sì dúró, ṣùgbọ́n bí mo bá ti fún un ní epo, iná náà á kú. Mẹkáníìkì kìíní ní kí n da kẹrosíìnì sí i kí ó lè fọ gbogbo rẹ̀ jáde. Èkejì ní ẹni tó bá fọ ẹ́ńjìnnì tó ti dàgbà ti pa á nìyẹn, nítorí pé ẹrẹ̀ náà ló ń dí ibi tí ọ́ìlì ìbá máa gbà jò. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ọ́ìlì tí mò ń rà ni kò dára. Ó sì yà mí lẹ́nu, torí pé n kò fi pípààrọ̀ ọ́ìlì ṣeré rí: ní gbogbo 5,000 kìlómítà ni mò ń pààrọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú fíltà tuntun. Ìrìn mi kò sì pọ̀, ilé mi sí ibi iṣẹ́ kò ju kìlómítà 4 lọ. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?

* * *

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ kẹrosíìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná, nítorí pé iná pupa yẹn ni ó kán jù. Iná ọ́ìlì kì í wo bóyá ọ́ìlì dọ̀tí tàbí ó mọ́. Ìfúnpá ni ó ń wò, èyíinì ni agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ́ìlì lọ sí àárín àwọn irin tó ń fara gbo ara wọn. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, iná náà kì í tàn àfi bí ìfúnpá bá ti já wálẹ̀ ju psi 10 lọ (psi ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìfúnpá), nítorí náà nígbà tí ojú yín bá fi rí i, ohun tó kù láàárín bíárìn àti irin tó ń yí nínú rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ náà rin ìrìn àjò kankan títí ẹ ó fi mọ ìdí rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa á, ẹ fún ọ́ìlì ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kó sọ̀kalẹ̀, kí ẹ wá fa gééjì yọ, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wo bí ọ́ìlì ti pọ̀ tó. Ọkọ̀ tó ti pẹ́ tó tiyín yìí sábà máa ń jẹ ọ́ìlì, ó sì ṣeé ṣe kí ọ́ìlì kàn ti dín kù ni. Bí ẹ ti ń wo gééjì, ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá ń rùn bí epo bẹntiróòlù, a jẹ́ pé epo ti dà mọ́ ọ́ìlì, ó ti sọ ọ́ di ṣíṣàn jù, ìyẹn nìkan sì tó láti jẹ́ kí iná náà máa ṣẹ́jú.

Bí ọ́ìlì bá pé tí iná ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ ní kí mẹkáníìkì tú sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì, kí ó dè gééjì ìfúnpá gidi mọ́ ojú ihò rẹ̀, kí ó wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná dáadáa, lórí ìdúró àti nígbà tí ó bá ń yí ní 2,000 àti 3,000 ìyípo láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìlànà àtijọ́ tí àwọn mẹkáníìkì ń lò ni psi 10 fún 1,000 ìyípo kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà bá kọ ni ó ga jù. Òótọ́ ni pé sẹ́ńsọ̀ máa ń bàjẹ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ láìwọn ìfúnpá, tí iná wá kú fún ọjọ́ mélòó kan, tó sì gba owó iṣẹ́, kò tíì tún ohunkóhun ṣe.

* * *

Bí ìfúnpá bá kéré ní tòótọ́, ohun mẹ́ta ni a máa ń fura sí: asẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀pá tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì láti inú sọ́ǹpù (àwo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ń gbá jọ sí) ti dí, pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ ti jẹ, tàbí àwọn bíárìn ti jẹ débi pé ọ́ìlì ń yọ́ sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn kan ní àwọn lè fi ojú gééjì nìkan yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọn kò purọ́ tán. Bíárìn tó ti jẹ máa ń fi ara hàn lórí ìdúró nígbà tí ọ́ìlì gbóná, ìfúnpá á sì gbéra bí ẹ bá ti fún ẹ́ńjìnnì ní epo. Asẹ́ tó dí sábà máa ń yọjú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí kíákíá, tí pọ́ǹpù ń béèrè ohun tí asẹ́ kò lè gbà láàyè. Ṣùgbọ́n nínú ẹ́ńjìnnì tí ẹrẹ̀ ti wà fún ìgbà pípẹ́, àwọn àmì náà máa ń dàpọ̀ mọ́ ara wọn, torí pé asẹ́ tó dí fún ọdún kan á ti jẹ́ kí bíárìn jẹ pẹ̀lú. Bí ẹ bá fẹ́ ìdánilójú, títú sọ́ǹpù ni.

* * *

Ọ̀rọ̀ ìdérí wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣí ìdérí tí wọ́n sì ń dájọ́ lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdérí lè tan èèyàn jẹ ní ìhà méjèèjì. Ibẹ̀ wà lára ibi tó tutù jù nínú ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì tó ń ṣàn kì í fọ̀ ọ́ dáadáa, ọ̀rinrin sì máa ń gbá jọ síbẹ̀. Ó lè dọ̀tí nígbà tí inú mọ́, ó sì lè mọ́ nígbà tí sọ́ǹpù ti kún fún ẹrẹ̀. (Ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ kò ní gbàgbé láti nu ún.)

Ohun tí ẹ óò rí níbẹ̀ kò kọjá mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ fẹ́lẹ́ kan tó rí bí i wúrà tàbí tó pọ́n rúsúrúsú, tó lẹ̀ mọ́ irin tí ìka kò lè ha, ooru ló yan ọ́ìlì mọ́ irin. Ẹ́ńjìnnì àgbà tí kò ní i kò wọ́pọ̀, kò sì yẹ kó já ẹnikẹ́ni láyà. Bí ó bá jẹ́ ohun funfun tàbí aláwọ̀ ilẹ̀ tó rọ̀, omi ló dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Ibí ni mo ti fẹ́ kí á rọra, nítorí pé àwọn kan á ti pariwo pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó. Nínú ọkọ̀ tó ń rin ìrìn kúkúrú, pàápàá nígbà òtútù, omi yẹn lè jẹ́ èyí tó ti inú afẹ́fẹ́ àti èéfín wá. Ẹ nu ún, ẹ wa ọkọ̀ náà fún bíi wákàtí kan lórí ọ̀nà tó já gaara, kí ẹ tún un wò, bí iná ọ́ìlì kò bá tíì máa ṣẹ́jú o. Ṣùgbọ́n bí omi rédíétọ̀ bá ń dín tí ẹ kò rí ibi tó ń jò sí, bí ọ́ìlì bá ń ga sí i lórí gééjì láìsí ẹni tó fi kún un, tàbí bí èéfín funfun kò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ẹ má wà á mọ́. Omi rédíétọ̀ tó bá wọ inú ọ́ìlì máa ń ba bíárìn jẹ́ kíákíá ju ẹrẹ̀ dúdú lọ.

Ohun kẹta ni tiyín: dúdú, ó ki, ìka ń ha á. Ẹrẹ̀ gan-an nìyẹn. Láti mọ bí ó ti pọ̀ tó, ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò náà, tàbí kí ẹ ki kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń so mọ́ fóònù bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá rí i pé ẹrẹ̀ ti bo irin débi pé ẹ kò mọ ìrísí rẹ̀ mọ́, ẹ ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì lápapọ̀, kí ẹ sì ra gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó tú u. Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í ṣe tó ni kí wọ́n gé fíltà tí wọ́n yọ kúrò, kí wọ́n na bébà inú rẹ̀, kí wọ́n sì wò ó. Èérún dúdú líle níbẹ̀ túmọ̀ sí pé ẹrẹ̀ ti ń já kúrò lára irin, ó sì ń rìn kiri. Bí ẹ bá rí irin tó ń dán níbẹ̀, ọ̀ràn mìíràn ni, ó sì burú jù.

* * *

Ẹnìkan sọ pé ọ́ìlì òun máa ń dúdú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà ẹrẹ̀ ti wà. Rárá o. A máa ń pò àwọn èròjà kan mọ́ ọ́ìlì, iṣẹ́ wọn sì ni láti di èérí mú kí ó léfòó nínú ọ́ìlì, kó má lè gbá jọ sójú kan. Ọ́ìlì tó dúdú ti di èérí mú nìyẹn, yóò sì bá a jáde lọ́jọ́ tí ẹ bá tú u dànù. Nínú ẹ́ńjìnnì dísù, kò pẹ́ rárá tí ọ́ìlì tuntun fi ń dúdú. Ọ̀rọ̀ di ẹrẹ̀ nígbà tí èérí bá pọ̀ ju ohun tí àwọn èròjà yẹn lè gbé lọ, tàbí nígbà tí àwọn èròjà náà bá ti rẹ̀ ẹ́ tán.

* * *

Mo fẹ́ bi olùbéèrè wa ní ohun kan. Ẹ ní ẹ ń pààrọ̀ ọ́ìlì ní gbogbo 5,000 kìlómítà. Oṣù mélòó ni ó máa ń gbà yín kí ẹ tó rin 5,000 náà?

Ó ti dáhùn, ó ní: “N kò ka oṣù rí, ṣùgbọ́n ó máa ń lé ní ọdún méjì.”

Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀. Kìlómítà 8 ní àlọ àti àbọ̀, fún nǹkan bí 300 ọjọ́, kò ju 2,400 kìlómítà lọ lọ́dún. Ọ́ìlì tí ẹ rò pé ẹ ń pààrọ̀ léraléra ti lo ọdún méjì nínú ẹ́ńjìnnì, kò sì sí ọjọ́ kan nínú rẹ̀ tó gbóná tó bí ó ti yẹ. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ mọ̀ nípa èyí. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tó ń bá ọkọ̀ wá, ìlànà méjì ni wọ́n ń kọ, ọ̀kan fún ìrìn tó rọrùn, èkejì fún ìrìn tó le, ìrìn kúkúrú tí kò tó kìlómítà 8 sì wà lára èyí tó le, pẹ̀lú eruku, ẹrù wúwo, àti kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró fún ìgbà pípẹ́. Àwọn awakọ̀ tí kì í yára, tí kì í jìnnà, máa ń rò pé àwọn ń ṣe ọkọ̀ àwọn jẹ́jẹ́. Èyí tó ń sáré lọ sí ìlú mìíràn lójoojúmọ́ ni inú rẹ̀ sábà máa ń mọ́.

Ìdí rẹ̀ rèé. Bí lítà epo bẹntiróòlù 1 bá jó, omi tó ń tinú rẹ̀ jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 1. Èyí tó pọ̀ jù á gba ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ bí oru omi, ṣùgbọ́n díẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì písítìn sọ̀kalẹ̀ sínú ọ́ìlì pẹ̀lú epo tí kò jó tán àti èéfín olóró. Bí ọ́ìlì bá gbóná tó 100°C fún àkókò tó gùn díẹ̀, omi àti èyí tó pọ̀ nínú epo náà á tú jáde. Bí kò bá gbóná tó, wọ́n á jókòó síbẹ̀, wọ́n á di ásíìdì, wọ́n á pa àwọn èròjà inú ọ́ìlì, wọ́n á sì di ẹrẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí gééjì ooru tó wà níwájú yín tàn yín jẹ: omi rédíétọ̀ ni ó ń wọ̀n, ọ́ìlì sì máa ń pẹ́ ju omi lọ kí ó tó gbóná. Lórí kìlómítà 4, ẹ ti dé ibi iṣẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀.

Ẹrẹ̀ tí òtútù bí nìyí. Èyí tí ooru bí náà wà, níbi tí ọ́ìlì ti ń jó mọ́ ara irin nítorí pé ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù, ọ́ìlì kò pé, tàbí tọ́bò, ẹ̀rọ tí èéfín ń yí láti ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, ń yan án. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń tẹ̀ lé ni pé bí ooru bá fi 10°C ga sí i, ìyára tí afẹ́fẹ́ fi ń ba ọ́ìlì jẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí a ó ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni tó kọ́kọ́ mú ike òògùn ìfọ̀ jáde kó tó béèrè bí a ṣe ń wa ọkọ̀ náà.

* * *

Kí a tó kúrò lórí ohun tó ń fà á, ẹ wo fálùfù PCV. Ohun kékeré tí kò wọ́n ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti fa èéfín àti ọ̀rinrin inú ẹ́ńjìnnì padà sí ọ̀nà afẹ́fẹ́ kí wọ́n lè jó. Bí ó bá dí, gbogbo èéfín tó gba ẹ̀gbẹ́ písítìn kọjá kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, ẹ lè fà á yọ kí ẹ sì mì í: èyí tó dára á máa dún wọ́kọ́wọ́kọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé bébà kan lé ihò ìdérí ọ́ìlì; ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì rọra fà á mọ́ra. Bí ó bá ń fẹ́ ẹ dànù, fálùfù ti dí tàbí ríǹgì písítìn ti jẹ. Ẹ má gbàgbé àwọn rọ́bà tó so mọ́ ọn, nítorí pé ẹrẹ̀ máa ń dí inú wọn náà, àwọn èèyàn á sì pààrọ̀ fálùfù kí wọ́n fi rọ́bà tó dí sílẹ̀.

Tẹmósítáàtì ni èkejì, fálùfù tó ń dá omi rédíétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná. Èyí tó ṣí sílẹ̀ tí kò lè pa dé mọ́ kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná tó. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń yọ ọ́ dànù pátápátá kí ọkọ̀ má baà gbóná jù, wọ́n sì ti fi ọwọ́ ara wọn pe ẹrẹ̀ wá.

* * *

Àwọn tó ní ọ́ìlì burúkú ló fà á kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí sinmi. Láàárín 1997 sí 2002, ẹ́ńjìnnì Toyota méjì, 1MZ-FE onísílíńdà 6 àti 5S-FE onísílíńdà 4, di ohun tí gbogbo ayé ń sọ nítorí ẹrẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ di ẹ̀bi lé àwọn oníọkọ̀ tí kò pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ṣùgbọ́n ní 2002 ó gbà láti tún àwọn tó bá bàjẹ́ ṣe fún ọdún 8 láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ra ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì 1.8T tí Volkswagen àti Audi ń lò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, òun náà sì rí ìrànwọ́ ọdún 8 gbà. Ọ́ìlì kan náà tí àwọn èèyàn ń rà fún àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni wọ́n ń rà fún àwọn ọkọ̀ mìíràn tí ẹrẹ̀ kò bá jà. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná ju bó ti yẹ níbì kan, tí ihò èéfín rẹ̀ há, tí ọ́ìlì tó ń gbà sì kéré, kò ní gba àṣìṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó.

N kò sọ pé ọ́ìlì kò ṣe pàtàkì o. Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n parí ní Amẹ́ríkà ní 2003 lórí àwọn ọkọ̀ Mercedes-Benz ti 1998 sí 2001: kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ń sọ fún awakọ̀ pé ó ṣì lè rìn jìnnà kí ó tó pààrọ̀ ọ́ìlì, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì lásán ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò dípò sintẹ́tíìkì tó lè fara da ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ fi orúkọ tó wà lára gálọ́ọ̀nù sílẹ̀, kí ẹ wo lẹ́tà API tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ìpele tí àjọ elépo ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń ṣe ìdíwọ̀n ọ́ìlì. SJ jáde ní 1996, SL ní 2001, SM ní 2004, SN ní 2010, SP ní 2020, èyí tó tẹ̀lé sì lè rọ́pò èyí tó ṣáájú. Ọkọ̀ tó béèrè SJ tàbí SL yóò gba SP pẹ̀lú ayọ̀, torí pé ìdánwò ẹrẹ̀ wà lára ohun tí ọ́ìlì gbọ́dọ̀ yege kí ó tó gba lẹ́tà yẹn. Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni ayédèrú, nítorí náà ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀.

* * *

Kẹrosíìnì, dísù, ọ́ìlì gíà ọ́tómátíìkì, òògùn ìfọ̀ inú ike: ẹ jẹ́ kí á mú wọn.

Àwọn tó fara mọ́ kẹrosíìnì ní bàbá àwọn ṣe é, kò sì sí nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe. Kẹrosíìnì ń yọ́ ẹrẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè gbé irin kúrò lára irin, bíárìn sì ni ó kọ́kọ́ máa ń jìyà rẹ̀. Ó tún ń tú oru tó lè gbaná nínú ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Dísù sàn díẹ̀, kò sàn tó. Ní ti ọ́ìlì gíà, ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó ní agbára ìfọ̀ púpọ̀. Irọ́ ni. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ní èròjà ìfọ̀ jù ú lọ, nítorí pé inú gíà kì í rí èéfín tàbí epo tó jó.

Òògùn ìfọ̀ tí a ṣe fún iṣẹ́ náà yàtọ̀. Ẹ óò dà á sínú ọ́ìlì tó ti gbó, ẹ óò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ lórí ìdúró fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ike, tó sábà máa ń jẹ́ 5 sí 15, láìwa ọkọ̀ lọ sí ibikíbi, ẹ óò sì tú gbogbo rẹ̀ dànù lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú fíltà. Fún ẹ́ńjìnnì tó ní ẹrẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Fún ẹ́ńjìnnì bíi ti olùbéèrè wa, n kò gbà. Òògùn náà kì í yọ́ ẹrẹ̀ tó nípọn tán. Ó máa ń já a sí wẹ́wẹ́, asẹ́ ni wọ́n sì máa ń lọ bò. Mo ti rí ọkọ̀ tó wọlé pẹ̀lú ìfúnpá tó tó, tí wọ́n fi òògùn fọ̀, tí iná pupa sì tàn kó tó kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí a tú sọ́ǹpù rẹ̀, a kò rí ojú asẹ́ náà mọ́. Èrò tèmi kò lọ́ tìkọ̀: ẹ má ṣe da òògùn ìfọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì tí iná ọ́ìlì rẹ̀ ń ṣẹ́jú, tí ẹ kò sì tíì tú sọ́ǹpù rẹ̀ wò.

* * *

Mẹkáníìkì kejì, tó ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án, ní ìdí kan tó mọ́gbọ́n dání. Bí rọ́bà tó ń dí ẹnu ibi tí ọ̀pá tó ń yí ti jáde nínú ẹ́ńjìnnì bá ti gan, ẹrẹ̀ lè jẹ́ ohun tó ń dí ojú ibi tó sán. Nígbà tí ọ́ìlì sintẹ́tíìkì bá fọ̀ ọ́ kúrò, jíjò á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì sọ pé sintẹ́tíìkì ló ba rọ́bà jẹ́. Rọ́bà ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó fà kúrò nínú èyí kò tọ̀nà, pé kí á fi ẹrẹ̀ sílẹ̀. Ọ́ìlì tó ń jò, a lè máa fi kún un títí di ọjọ́ tí a ó pààrọ̀ rọ́bà. Bíárìn tí kò rí ọ́ìlì kò ní dúró dè wá.

* * *

Bí ẹ ó bá ṣe iṣẹ́ náà, ẹ ṣe é láti ìsàlẹ̀. Ẹ tú ọ́ìlì nígbà tó gbóná, ẹ sọ sọ́ǹpù kalẹ̀, ẹ yọ asẹ́ àti ọ̀pá rẹ̀, ẹ rì wọ́n sínú òògùn tó ń bọ́ gírísì, ẹ sì gbé wọn sí ojú ìmọ́lẹ̀ láti rí i dájú pé gbogbo ihò rẹ̀ ṣí. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà róbótó tó wà níbi tí ọ̀pá náà ti wọ inú pọ́ǹpù, torí pé bí ó bá ti gan, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù á máa fà dípò ọ́ìlì, gbogbo làálàá yín á sì já sí asán. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó ṣí òkè. Ẹ fi ike tàbí igi pẹlẹbẹ ha ẹrẹ̀, kí ẹ sì máa kó o jáde. Ẹ má jẹ́ kó já sínú ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà sísàlẹ̀, kí ẹ sì fi nǹkan tóóró ṣí àwọn ihò náà fúnra wọn, nítorí pé bí wọ́n bá dí, ọ́ìlì á kún òkè nígbà tí sọ́ǹpù ń gbẹ.

Àṣìṣe kan wà tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn tí iṣẹ́ yá lára: wọ́n máa ń mú kànìnkànìn tí a fi ń dán irin, èyí tí a ń so mọ́ ẹ̀rọ tó ń yí, láti fi fọ ojú ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ń jókòó sí. Ìyẹ̀fun tó ń já lára rẹ̀ jẹ́ ohun líle tí a fi ń gé irin. Bí ó bá wọ inú ọ́ìlì, ó máa ń ba bíárìn jẹ́, àwọn èèyàn á sì rò pé fífọ ẹrẹ̀ ló pa ẹ́ńjìnnì náà.

* * *

Olùbéèrè wa ti padà wá. Wọ́n tú sọ́ǹpù: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì asẹ́ tó ti dí, ẹrẹ̀ nípọn ní ìsàlẹ̀, PCV kò mì rárá, ṣùgbọ́n bíárìn tí wọ́n ṣí wò kò ní ojú ọgbẹ́. Wọ́n ti fọ ìsàlẹ̀ àti òkè, wọ́n sì ti pààrọ̀ PCV àti àwọn rọ́bà rẹ̀. Ìfúnpá lórí ìdúró ti wọ inú iye tí ìwé àtúnṣe sọ. Ó ń béèrè ohun tó kàn.

Ẹ da ọ́ìlì tó dára sí i, ẹ rin 1,000 sí 1,500 kìlómítà, tàbí oṣù mẹ́ta, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé, kí ẹ tú u dànù pẹ̀lú fíltà. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn èròjà inú ọ́ìlì tuntun á máa rọra bọ́ ohun tó kù lára irin tí ọwọ́ kò dé, wọn ò sì ní já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fíltà ṣe pàtàkì lásìkò yìí ju ọ́ìlì lọ: bí ó bá dí, fálùfù kan wà nínú rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó máa ń ṣí kí ọ́ìlì lè kọjá láìsẹ́, ẹ́ńjìnnì á sì máa mu èérí padà. Ẹ máa gé fíltà kọ̀ọ̀kan wò. Nígbà tí bébà rẹ̀ bá mọ́, ẹ lè sún un sí oṣù mẹ́fà, kí ẹ sì gbàgbé kìlómítà, nítorí pé ẹ kò ní rìn tó ohun tó yẹ kí ẹ máa kà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ wa ọkọ̀ náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìdúró. Kí ẹ tàn án kí ó máa ṣiṣẹ́ níwájú ilé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò rọ́pò ìyẹn, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tó wà lórí ìdúró kì í fi ooru tó pọ̀ sínú ọ́ìlì, epo tí kò jó tán sì tún ń wọ inú rẹ̀.

* * *

Èyí tó kù ni ti ẹni tó ní kí olùbéèrè máa lo 20W-50, ọ́ìlì tó ki gan-an, báyìí, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ti dàgbà. Ọ́ìlì tó ki máa ń gbé ìfúnpá ga lórí gééjì, lóòótọ́, àwọn tó ń ta ọkọ̀ sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ìfúnpá tó ga kò túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ń ṣàn. Ní òwúrọ̀, ọ́ìlì tó ki máa ń pẹ́ kó tó dé òkè ẹ́ńjìnnì, ó sì máa ń ṣòro fún un láti gba ojú asẹ́ tí ẹrẹ̀ ti mú díẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì tó ń fi agbára ọ́ìlì yí àsìkò tí fálùfù ń ṣí padà tún ní ihò àti asẹ́ tín-ín-rín tí a ṣe fún ọ́ìlì tó ń ṣàn dáadáa. Bí ìwé ọkọ̀ náà bá fàyè gba 10W-30 tàbí 10W-40 fún ibi tó gbóná, ẹ lè gòkè dé ibẹ̀. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, ẹ dúró títí ẹ ó fi ní ìdí tí gééjì fi hàn yín.